Orin Tí Kò Dákẹ́ Nínú Òkùnkùn

Gbogbo ẹni tí Hamonou bi léèrè lọ́jọ́ Àìkú yẹn, èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: orin ò dákẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà ti sú u débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu báyìí, òun fúnra rẹ̀ á ti bá a parí rẹ̀.

"Iná lọ," ni á wí, "gbogbo ilé ṣókùnkùn, ẹ ń jó lọ, orin ò dákẹ́. Mo ti gbọ́. Ẹ pe ẹlòmíràn wá."

Inú ilé ọtí mi ló jókòó sí, torí àgọ́ ọlọ́pàá jìnnà sí Lanvouster, abúlé wa, ilé ọtí mi sì dojú kọ gbọ̀ngán ijó. Ó ti bọ́ fìlà ọlọ́pàá rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ń fi ìka ti fìlà náà síwá sẹ́yìn bí ẹni pé fìlà ọ̀hún ló jalè. Ọmọ abúlé tó wà lẹ́yìn odò wa ni Hamonou. Láti ìgbà tí a ti ń wọ bàtà onígi la ti jọ ń jó. Ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Ká ní àjèjì ọlọ́pàá ni, á kàn rò pé gbogbo wa la pawọ́ pọ̀ purọ́ fún òun, á sì lọ sùn. Hamonou mọ̀ pé a ò purọ́.

Ohun tó sọnù kò ju ohun inú páànù bisikíìtì kan lọ, èyí tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi lójú ìdérí. Ṣùgbọ́n téèpù Lomig Burlot ló wà nínú rẹ̀. Koríko ni Lomig fi ń bo ilé nígbà ayé rẹ̀, kò sì sí òrùlé kan ní agbègbè wa tí kì í kọrin lórí rẹ̀. Ó ti kú. Téèpù yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ ṣẹ́kù sí. Katell, opó rẹ̀, kò ní ẹ̀rọ tó lè lù ú. Ó kàn fi í sáàárín aṣọ nínú àpótí, bí ìgbà tí èèyàn tọ́jú aṣọ ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ téèpù yìí sì ti di ìjà. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ Lozac'h méjèèjì, Gwilherm àti àbúrò rẹ̀ Ewan, gbé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jáde. Orin plinn kan, orin ijó ilẹ̀ wa, wà lójú kìíní tí gbogbo èèyàn ń béèrè fún, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn páálí àwo náà pé bàbá àwọn tó ti dolóògbé ló ṣe orin ọ̀hún. Katell ní irọ́ ni, Lomig ló ṣe é. Ní tiwa níhìn-ín, ẹni tó bá ṣe orin a máa sọ orúkọ ara rẹ̀ nínú ẹsẹ tó kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹsẹ bẹ́ẹ̀ nínú àwo àwọn ọmọ Lozac'h. Katell ní ó wà, ó sì kọ ọ́ fún wa nínú ilé ọtí yìí kan náà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìfẹ́ ọkọ ló ń kọrin. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Torí náà ni Katell ṣe gbé páànù rẹ̀ wá sí ijó alẹ́ Sátidé. Ọ̀gbẹ́ni Delorme, ọkùnrin ará ìlú Nantes tó ń ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, gbé ẹ̀rọ ńlá kan wá tó lè lu téèpù náà. Tí ijó bá parí, gbogbo Lanvouster á jókòó, á sì gbọ́ ẹsẹ tó kẹ́yìn láti ẹnu Lomig. Katell gbé páànù náà sórí tábìlì lẹ́yìn pèpéle àwọn akọrin, ó wọ àárín ijó, torí ẹsẹ̀ Katell kì í lè jókòó tí plinn bá ti bẹ̀rẹ̀. Iná lọ. Iná dé. Páànù ti ṣí sílẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo.

Ní báyìí, Katell jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ọtí mi, kọfí rẹ̀ ti tutù níwájú rẹ̀.

"Màmá Katell, ẹ lọ sinmi nílé," ni Hamonou wí.

"Ilé wo? Ṣé ilé tí ẹnu Lomig ò sí mọ́ yẹn? Ṣiṣẹ́ rẹ, ọmọ Hamonou. Mo ń wò ọ́."

Iṣẹ́ ọ̀hún wá di ẹtì. Iná tó lọ kì í ṣe ohun tuntun. Nígbàkigbà tí Soaz, tó ń ta àkàrà pẹlẹbẹ tí a ń pè ní krampouez níbi ijó, bá tan irin tó fi ń dín in méjèèjì pa pọ̀, iná gbọ̀ngán wa á lọ. Ó ti mọ́ wa lára. A kì í dúró. Soaz á máa ṣépè lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún níbi tí fíúùsì wà, àwa á máa jó, àwọn akọrin ò sì nílò maikirofóònù kí á tó gbọ́ wọn. Plinn sì rèé, apá wọ inú apá ni, èjìká lẹ̀ mọ́ èjìká, a ń yí po. Ẹni tó bá yọ jáde, ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì rẹ̀ á mọ̀. Hamonou ti bi kálukú ta ló dì mú. Ó ti so gbogbo wa pọ̀ ní apá-ní-apá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí àlàfo kankan láàárín wa. Àwọn akọrin méjèèjì, àwọn ọmọ Lozac'h, ń kọrin. Soaz ń ṣépè. Ó wá ku Delorme.

Delorme ti jókòó síwájú rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń fi aṣọ ìnujú nu imú. Òtútù ti mú un.

"Gbogbo èèyàn ń jó. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe?"

"Mo jókòó, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì kì í gbọ́ ara wọn yé."

"Ẹ ti bẹ Màmá Katell pé kó ta téèpù yẹn fún yín."

"Mo bẹ̀ ẹ́. Ìgbálẹ̀ ló fi lé mi."

"Kì í ṣe ìgbálẹ̀," ni Katell wí láti kọ̀rọ̀. "Ọ̀pá tí mo fi ń ro ìyẹ̀fun ni. Ìgbálẹ̀ wúlò fún mi."

Hamonou ò rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ yín nìkan ló ṣófo nínú òkùnkùn yẹn."

"Ọwọ́ mi ò ṣófo. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré wà lórí itan mi, èyí tó ń lo bátìrì. Mo gba gbogbo ijó yẹn sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì." Ó wúkọ́. "Bí mo ṣe ń wúkọ́ báyìí náà nìyẹn nígbà yẹn. Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín."

A gbọ́ ọ. Ohùn àwọn ọmọ Lozac'h ló kọ́kọ́ jáde, ó mọ́ gaara. Lójijì ni ariwo maikirofóònù kú, àwọn èèyàn hó, Soaz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹni tó na wáyà gbọ̀ngán náà àti fún àwọn ọmọ onítọ̀hún. Ẹsẹ̀ wa ń dún lórí pákó. Orin ń lọ. Ikọ́ Delorme sì wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, létí ẹ̀rọ gan-an, ó ń gbó bí ajá títí iná fi dé.

Hamonou pa ẹ̀rọ náà. "Ẹni kan ṣoṣo tí mo lè mú," ló wí, "òun ló tún wá ní ẹlẹ́rìí tó ń wúkọ́ jù lọ ní gbogbo Brittany."

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ẹnìkan sáré wọlé pé wọ́n ti rí páànù kejì tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ tábìlì Soaz. Hamonou fo bí ẹni tí iná jó. Nígbà tó padà, ó gbé páànù náà kalẹ̀, ó ṣí i. Bọ́tìnnì ló kún inú rẹ̀.

"Soaz ní kí n bá òun dá a padà síbi tí mo ti gbé e," ló wí. "Ó tún bi mí bóyá mo fẹ́ ṣí páànù gbogbo ilé tó wà ní Lanvouster."

"Ọ̀kan wà lókè yẹn," ni mo wí. Ìṣó wà nínú tèmi. Ó wò mí bí ẹni pé òun fẹ́ fi ìṣó náà kàn mí mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Lozac'h wọlé. A ò ránṣẹ́ pè wọ́n. Gwilherm ló ṣáájú, ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ewan tẹ̀ lé e, ó ń wo ilẹ̀.

"Biel, fún wa ní ọtí ápù," ni Gwilherm wí fún mi. Ó yíjú sí Hamonou. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, mo gbọ́ pé ẹ ti mú bọ́tìnnì."

"Jókòó, Gwilherm. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní ìdí láti jí i."

"Òótọ́ ni. Èmi gan-an ì bá ti fura sí ara mi. Ibo wá ni mo wà?"

"Lórí pèpéle."

"Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

Gwilherm yíjú sí mi. "Biel, ìwọ náà jó. Ṣé orin dákẹ́?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kí ni mo lè sọ? "Orin ò dákẹ́."

"Ṣé a ti rí ẹnikẹ́ni tó dá nìkan kọ orin plinn rí? Méjì la bí i. Tí orin bá ń lọ, àwa méjèèjì wà níbẹ̀. Ìyá mi àgbà tó ti fọ́jú mọ ìyẹn."

"Ewan, ìwọ ńkọ́?" ni Hamonou bi í.

Ewan la ẹnu. Ohùn tó jáde há bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. "Orin ò dákẹ́."

Katell gbé ojú sókè. "Ọmọ, ta ló gba ohùn rẹ?"

"Èéfín krampouez ni, màmá," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a dáhùn, ohùn tirẹ̀ sì dán bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mu ọtí rẹ̀ tán. "Mo bá yín kẹ́dùn. Òótọ́ ni mo sọ yìí. Lomig ló kọ́ mi bí a ṣe ń mí."

Wọ́n lọ. Hamonou dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà, ó jókòó. Ó ní òun mọ̀ pé Gwilherm ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n láti àárọ̀, kò sì wúlò fún òun rárá, torí ogójì èèyàn ló ń jó sí ohùn ọkùnrin yẹn nígbà tí olè ń jà. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ ọ," ló wí fún Delorme.

"Ọ̀gá, a ti gbọ́ ọ tó."

"Ẹ tún un lù."

Bí kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe bẹ̀rẹ̀, Hamonou gbé orí lé ọwọ́, ó di ojú. Ó rẹ̀ ẹ́. Láìmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbè, bí ẹnikẹ́ni nínú wa ti máa ń ṣe nídìí ohun ọ̀sìn tàbí lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: adárin á dá ìlà kan, ṣùgbọ́n elégbè kì í dúró kó parí rẹ̀. Á já ìparí ìlà náà gbà lẹ́nu rẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ pe ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn pọ̀, lẹ́yìn náà ni elégbè á wá tún odindi ìlà náà kọ. Tóun náà bá ń parí rẹ̀, adárin á tún já a gbà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gun ara wọn bí koríko òrùlé, tí omi ò lè gbà á kọjá, tí ẹsẹ̀ oníjó ò sì ní rí ibi sinmi.

Hamonou ń gbè lábẹ́lẹ̀. Iná lọ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Soaz bẹ̀rẹ̀ èpè. Hamonou ń gbè lọ. Ó já ìparí ìlà gbà, ó sì dákẹ́ lójijì, ó la ojú.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"Ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀."

Delorme dá a padà. Hamonou tún bọ́ sí i níbi kan náà, ó tún dákẹ́.

"Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀," ló wí.

"Níbo?"

"Níbi ìparí ìlà. Kí iná tó lọ, tí mo bá já a gbà, ohùn ẹlòmíràn ń já a gbà pẹ̀lú mi. Lẹ́yìn tí iná lọ, tí mo bá débẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Biel, dá plinn kan. Ìwọ nìkan. Dá a, kí o sì tún gbè é fúnra rẹ."

"Mi ò ní ohùn."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ohùn. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Mo dá ìlà kan, mo tún un kọ, mo dá ìkejì, mo tún un kọ. Kò pẹ́ tí ojú mi fi pọ́n. Láàárín ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ní láti já èémí gbà bí ẹni tó ń rì sómi, àlàfo bíńtín sì ń ṣí sílẹ̀ níbi tó yẹ kí ohùn méjì ti pàdé. Ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

Hamonou tún kásẹ́ẹ̀tì lù. Nígbà tí a ti mọ ohun tí a ń tẹ́tí sí, ó hàn kedere: lábẹ́ ìró ẹsẹ̀ wa àti èpè Soaz, èémí kékeré, àlàfo, èémí kékeré, àlàfo. Ohùn kan ṣoṣo tó ń dá, tó sì ń gbe ara rẹ̀. Ohùn àwọn ọmọ Lozac'h jọ ara wọn bí ìyẹ́ apá ẹyẹ kan, òkùnkùn ṣú, ìró ẹsẹ̀ wa ló sì bo ìyókù. Ìdí tó fi tàn wá jẹ ni pé kò sí ẹni tó lè rò ó láàárín wa pé ẹnìkan lè dá kọ orin ẹni méjì. Àjèjì ì bá ti béèrè.

"Ewan tí ohùn rẹ̀ há," ni mo wí.

Hamonou dé fìlà rẹ̀. "Èéfín krampouez," ló wí.

Inú ọkọ̀ Delorme la bá lọ sí oko àwọn Lozac'h, torí pé ẹ̀rọ ńlá wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, Katell ti jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Nínú ilé ìdáná wọn ni Hamonou ti lu kásẹ́ẹ̀tì náà. Kò ṣàlàyé ohunkóhun. Nígbà tó dé ibi òkùnkùn, ó kàn ń gbé ìka sókè níbi àlàfo kọ̀ọ̀kan. Gwilherm kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó rẹ̀ wá ni," ló wí. "Èèyàn a máa gbàgbé láti já orin gbà tó bá rẹ̀ ẹ́."

"Ó yọ ọwọ́ léjìká mi," ni Ewan wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há. "Mo rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀ ni. Mo sáà ń kọ ọ́ lọ, torí ẹ̀ ń jó. Ìgbà tí Màmá Katell ké ni mo tó mọ̀."

"Ewan."

"Ó sú mi, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀fun ń dùn mí."

Gwilherm lọ sí yàrá, ó sì gbé téèpù náà wá, ó fi í síwájú Katell. "Bàbá wa sọ fún mi lórí ibùsùn rẹ̀ pé òun lòun ṣe orin yẹn," ló wí. "Ohun tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe, kí gbogbo ayé máa gbọ́ pé ó fi irọ́ kú?"

Hamonou mú téèpù náà, ó na ìparí rẹ̀ síta. Wọ́n ti gé e. Ojú ibẹ̀ gún régé, àlùmọ́gàjí gan-an ló gé e.

"Ibo ni ìyókù wà?"

Gwilherm fi orí tọ́ka sí ààrò. "Ẹsẹ tó kẹ́yìn nìkan ni. Mo fẹ́ sun gbogbo rẹ̀, ọwọ́ mi ò gbà á. Ohùn Lomig ni."

Mo rí ojú Hamonou nígbà yẹn, mi ò sì fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti mú olè, ó ti gba ẹrù olè, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà sì ti di eérú. Orin ẹni gbogbo ni gbogbo èèyàn ń kọ nílẹ̀ wa. Pé Lomig kọ ọ́ kò fi hàn pé òun ló ṣe é. Láìsí ẹsẹ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu Katell náà ló tún kù.

"Lù ú," ni Katell wí.

"Màmá, wọ́n ti gé…"

"Mo ní ojú. Lù ú."

Delorme lù ú. Ohùn Lomig kún ilé ìdáná náà, ó ń dá. Ohùn obìnrin kan ń gbè é, ohùn tó lágbára, tó ń já ìparí gbà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni já èso. Katell fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀: ohùn tirẹ̀ ni. Ẹsẹ kan lẹ́yìn òmíràn, orin náà dé ibi tí a gé e. Obìnrin inú téèpù ń parí ìlà rẹ̀, Lomig sì bọ́ sí i lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ó já a gbà, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn: *Bí wọ́n bá bi yín…* Ìdí téèpù yí lófìfo.

Hamonou gbé orí sókè. "Kò lè gé e kúrò tán níbẹ̀," ló wí. "Ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ tó kẹ́yìn ti lẹ̀ mọ́ ìparí èyí tó ṣáájú. Ẹsẹ kan wà, Gwilherm. Kí ni wọ́n máa bi wá?"

Katell ló dáhùn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́, ó kọ ọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin Lomig, yàtọ̀ sí ọjọ́ tí a fi Katell ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ọtí mi, a ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Ó gbe ìlà ọkọ rẹ̀ fún un, *Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló ṣe orin yìí*, nígbà tí kò sì sí ẹni tó dá ìlà kejì, òun fúnra rẹ̀ dá a: *Ẹ dá wọn lóhùn pé abolé ni, abolé Lanvouster, Lomig Burlot.*

Ó dúró. Ó ń wo Ewan. Elégbè kì í yan ohun tó máa sọ. Ohun tí wọ́n dá fún un ló máa tún sọ. Ewan wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó fi ohùn rẹ̀ tó ti fọ́ kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan orúkọ náà.

Iná pupa ń tàn lára ẹ̀rọ kékeré Delorme, ó ń gbà á sílẹ̀. Gwilherm jókòó sórí àpótí igi ìdáná, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"O pẹ́ jù," ni Katell wí fún Ewan. "O jẹ́ kí n parí rẹ̀. Lomig kì í jẹ́ kí n parí. Jẹ́ ká tún un kọ."

Ó tún un dá. Nígbà tó dé orúkọ ọkọ rẹ̀, ohùn méjì ló pè é.